Mo ra kọ́ọ̀sì ìtàn àwòrán tó ń sọ̀rọ̀: ẹjọ́ mi rèé

Iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi kí ayé tó yí sí flex, rọ́bà tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí, àti CorelDraw tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ya àwòrán tí ẹni tí kò mọ̀wé yóò rí, tí yóò mọ̀ pé ibí ni wọ́n ti ń gẹrun, ibí ni wọ́n ti ń lẹ táyà. Nígbà tí ìpolówó kọ́ọ̀sì kan bọ́ sójú fóònù mi, tó ní òun yóò kọ́ni ní ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe ń fi àwòrán bára wọn sọ̀rọ̀, láti inú ihò àpáta títí dórí fóònù, mo ní èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ń tà á, torí n óò yìn wọ́n, n óò sì bú wọn díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, fídíò mẹ́jọ, bíi wákàtí méjìlá lápapọ̀. Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Káàdì mi kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo pe báńkì, orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ló bá mi san án nígbẹ̀yìn, mo sì fi náírà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Fídíò àkọ́kọ́ gbé wa lọ sí ihò Lascaux nílẹ̀ Faransé, tí àwọn ọ̀dọ́ kan já wọ̀ lọ́dún 1940. Màlúù àti ẹṣin lára ògiri, iṣẹ́ nǹkan bí 17,000 ọdún, erùpẹ̀ pupa àti òkúta dúdú tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n sì fi yà á. Ọ̀dà olówó gọbọi tí èmi kùn síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá kò rí òjò ọdún kejì kó tó máa ṣí. Èémí àwọn èrò ìwòran ló padà fẹ́ ba ti Lascaux jẹ́, ni wọ́n ṣe tì í pa ní 1963.

Fídíò kejì, ẹ má fò ó. Ìlú Uruk ni, nílẹ̀ tó ń jẹ́ Ìráàkì lónìí, ó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn. Èmi ti rò pé àdúrà tàbí oríkì ọba ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Rárá o, ìṣirò ni: ọkà mélòó, àgùntàn mélòó, ọtí mélòó. Àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sára amọ̀ tútù, olùkọ́ wá ń fi hàn wá bí àwòrán náà ṣe ń rù títí ó fi ku ìlà gbọọrọ lásán. Mo ní àfi kí n dán an wò. Mo já nínú ìyẹ̀fun ṣinṣín tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo fi ẹnu igi áìsìkírìmù ya ẹja. Ìyẹ̀fun ń tẹ̀lé igi, etí ìlà ń hú sókè, ikùn ẹja tó yẹ kó rọ̀bọ̀tọ̀ di wúruwùru. Mo wá tẹ etí igi náà mọ́lẹ̀, mo gbé e sókè: ìlà jáde, ó mọ́ tónítóní. Títẹ̀ márùn-ún, ẹja parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò bá sọ fún kò lè mọ̀ pé ẹja ni. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ó ní kí n dá ìyẹ̀fun òun padà.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti ṣẹ̀. Olùkọ́ yìí kò yé tẹnu mọ́ ọn pé àwòrán kì í wá ògbufọ̀. Èmi tí mò ń fi àwòrán jẹun mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan, oníbi ayẹyẹ kan ní kí n ya àmì sí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òun. Mo ní mi ò ní ya òyìnbó onísíkẹ́ẹ̀tì; mo ya ọkùnrin nínú agbádá, obìnrin nínú ìró òun gèlè, dúdú lórí funfun, kò sójú, kò símú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, àwọn obìnrin àlejò tó ti òkè òkun wá gba ẹnu ọ̀nà alágbádá wọlé, wọ́n ní ṣebí onígáùn nìyẹn.

Àwọn bàbá wa kúkú mọ èyí. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò sí ọ, "fà" inú ẹẹ́fà ló ń sọ̀rọ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ gbé mẹ́fà yẹn fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, yóò kà á, yóò bá mẹ́fà. Nínú wákàtí méjìlá, wọn ò dárúkọ àrokò lẹ́ẹ̀kan.

Fídíò karùn-ún, lórí Isotype, ìyẹn ọ̀nà fífi àwòrán kéékèèké ṣàlàyé iye nǹkan, ló dùn jù, òun náà ló bí mi nínú jù. Otto Neurath, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, dá mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní Vienna nílẹ̀ Austria ní 1925 láti fi àwòrán ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn mẹ̀kúnnù. Òfin rẹ̀ kan ni pé bí iye bá pọ̀ sí i, má ya ènìyàn ńlá, ya ènìyàn púpọ̀. Bí ènìyàn kan bá dúró fún ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún márùn-ún di ènìyàn márùn-ún lórí ìlà. Mo ti ń lò ó. Lórí pátákó tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àdúgbò wa, àpò owó ni mo tò. Màmá kan tí kò kàwé rí dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Àpò méjì la fi ju èṣí lọ."

Neurath gbà pé ọ̀rọ̀ ló ń ya ènìyàn, àwòrán ló ń so wọ́n pọ̀. Ó kú ní 1945, olùkọ́ sì pa ìtàn dé síbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri kí n tó mọ̀ pé Marie, ìyàwó rẹ̀, ń bá iṣẹ́ náà lọ, àti pé ó wá síbí! Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti Awólọ́wọ̀: ìwé pélébé alàwòrán lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, lórí ìdìbò. Wọ́n ṣì tọ́jú iṣẹ́ náà sí Yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn tí wọ́n yà fún Vienna kò ṣeé kó wá bẹ́ẹ̀. Ó ní láti wo aṣọ wa, ilé wa àti ọjà wa, kó tún wọn yà. Ẹ̀rí tó gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣubú wà nílé wa níbí, òun gan-an ni wọ́n fò. Àwọn àgbà ìgbà náà kò sì ṣàjèjì sí àwòrán: nínú àmì ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀pẹ ni Action Group, àkùkọ ni NCNC, ẹni tí kò mọ A mọ ti ẹ̀.

Ìyókù kò burú. Wọ́n sáré kọjá lórí Harry Beck, tó ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti 1933 bí ẹni ń ya wáyà iná, wọ́n wá fi odidi fídíò kan ṣe emoji 176 tí Shigetaka Kurita yà ní Japan ní 1999. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fídíò, "Uruk" di "you rock" lójú mi. Fídíò kan ń jẹ dátà tó gígábáìtì kan, ẹ yáa wà á sílẹ̀ lóru. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún sátífíkéètì. Mi ò san án, ta ni mo fẹ́ fi hàn?

Máàkì 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lórí ọ̀rọ̀ Marie Neurath àti Ìbàdàn, ó tó ojú ìwé kan. Àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ni wọ́n fi dá mi lóhùn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nídìí rẹ̀. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ni, àbí wọ́n ní kí n máa lọ.