Kíkó owó jọ fún Nacoa lórí JustGiving: ohun tó dára níbẹ̀ àti ibi tí owó ti ń jò

Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń mu ọtí àmupara kì í sábà sọ ọ́ síta. Láti orí bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wá ojú ihò ilẹ̀kùn lálẹ́ ló ti máa ń mọ bí ilé yóò ṣe rí lóru ọjọ́ náà. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá Nacoa, ẹgbẹ́ aláàánú tó fi ìlú Bristol ṣe ibùjókòó, sílẹ̀ fún ní 1990. Ọ̀fẹ́ ni ìpè sórí fóònù wọn, ọmọ kò ní láti dárúkọ ara rẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ló sì ń dá a lóhùn. Ìṣirò tí ẹgbẹ́ náà ń lò ni pé ọmọ 1 nínú 5 ní Ìlú Ọba, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6, ló ń gbé lọ́dọ̀ òbí tó ń mutí jù. Ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé: kì í ṣe ìwọ lo fà á, o kò lè kápá rẹ̀, o kò lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n o lè tọ́jú ara rẹ.

JustGiving, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kó owó jọ fún irú iṣẹ́ yìí nígbà ọjọ́ ìbí, eré ìje tàbí ìrántí òkú. Lójú tiwa, ó dára púpọ̀ fún owó tó bá gba orí káàdì wọlé. Fún owó òde àti owó àjọ, ó ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi yíyan. Ẹ yan pé ẹgbẹ́ aláàánú lẹ fẹ́ kówó jọ fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara yín. Bí ẹ bá ṣí èkejì, àpò yín lowó náà máa wọ̀, kò sì sí Gift Aid, owó tí ìjọba ń fi kún ọrẹ, lórí rẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ dáadáa: ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1983 tí àwọn náà ń jẹ́ NACoA. Ti Bristol lẹ ń wá.

Láti 2019, JustGiving kò gba ìdá kankan mọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nítorí ojú ewé fúnra rẹ̀. Owó ìsanwó ṣì wà níbẹ̀: ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú 20p lórí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan. 20p yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí. Nínú £50, £1.15 ló lọ. Nínú £10, 39p. Ṣùgbọ́n nínú £2, nǹkan bíi 24p, ó ti ju ìdá mẹ́wàá lọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ máa fi £2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ ní kó kúkú fi £10 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí èèyàn tó sanwó tán, ojú fóònù yóò tún bi í bóyá ó fẹ́ fi owó díẹ̀ ta JustGiving lọ́rẹ, wọ́n á sì ti bá a fi iye kan síbẹ̀. Kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Kò pọn dandan, ó ṣeé dá padà sí òdo, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé àwọn san án. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín ṣáájú.

Gift Aid ni owó gidi wà. Ẹni tó ń san owó-orí ní Ìlú Ọba, tó fi £100 sílẹ̀, tó sì fi àmì sí àpótí Gift Aid tó wà níbi ìsanwó, ìjọba yóò fi £25 lé e fún ẹgbẹ́. Bí owó-orí rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 40, òun fúnra rẹ̀ lè gba £25 padà nígbà tó bá ń ṣe ìwé owó-orí rẹ̀.

Àwa Yorùbá sábà máa ń ṣì í gbé. Ogún èèyàn dá £10 kọ̀ọ̀kan, ìyá àjọ fi káàdì tirẹ̀ san £200, ó sì fi àmì sí Gift Aid. Kò bófin mu, nítorí owó tí èèyàn bá fi sílẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀ nìkan ni àmì yẹn wà fún. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan san tirẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Lóòótọ́, owó ìsanwó yóò gòkè láti £4 sí £7.80, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń san owó-orí, £50 ló máa wọlé láti ọwọ́ ìjọba. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ráfù kò sí lábẹ́ Gift Aid, nítorí ẹni tó rà á ra nǹkan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò san owó-orí rárá kò gbọ́dọ̀ fi àmì síbẹ̀. HMRC, àjọ agbowó-orí Ìlú Ọba, lè ní kó san owó tí ìjọba fi lé e. Owó ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìbàdàn dára, ṣùgbọ́n bí kò bá san owó-orí ní Ìlú Ọba, kó fojú fo àpótí náà.

Ó ku owó òde. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ olóde níwájú orí, ti olóde ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ti Nacoa, ẹ gbé àpótí tí a ti dí lẹ́nu sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà gàdàgbà sí i lára. Ẹni méjì tí kì í ṣe ọmọ ilé kan náà ni kó ṣí i, kí wọ́n kà á lójú ara wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí iye tó wà níbẹ̀. Ẹ bá Nacoa sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ òde tó kò: owó kéékèèké tí kò ju £30 lọ́wọ́ ẹnì kan ní ètò tirẹ̀, GASDS, tí ìjọba fi ń fi owó kún un bíi ti Gift Aid, tí kò sì béèrè orúkọ tàbí fọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ ló ń béèrè fún un, lórí owó tí kò ju £8,000 lọ lọ́dún. JustGiving máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ kọ owó ọwọ́ kún iye tó hàn lójú ewé. Iye yẹn yóò gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín, àfi bí ẹ bá fi í ránṣẹ́.

Ibi tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni àpótí ìtàn tó wà lójú ewé JustGiving. Èèyàn á kọ "ọmọ àbúrò mi ọkùnrin", orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà lókè, fọ́tò ọmọ nínú aṣọ iléèwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ nìyẹn. Google yóò ṣì máa gbé e jáde nígbà tí ọmọ náà bá ń wáṣẹ́. Kò sí bọ́tìnnì kankan lórí JustGiving tó lè bá yín pa àṣírí yẹn mọ́. Ẹ kọ nípa iṣẹ́ tí fóònù náà ń ṣe, ó tó. Ẹ má kọ "ọmọ ọ̀mùtí". Ẹ kọ "ọmọ tí ọtí ń da ilé wọn rú". Ẹ sì sọ fún àwọn tó ń fúnni pé wọ́n lè fi orúkọ àti iye owó wọn pamọ́, nítorí àwọn kan nínú wọn ti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá.

Bí ẹ kò bá tíì mú ọjọ́, ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé bá bọ́ sí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ yìí lọ́dọọdún. Kẹ́ ẹ tó tẹ ojú ewé náà síta, ẹ kọ 0800 358 3456, nọ́ńbà fóònù Nacoa, sí ìlà àkọ́kọ́, ṣáájú iye owó tẹ́ ẹ ń wá. Àwọn ọmọ náà ń ka ohun tí àwọn àǹtí wọn ń gbé síta.