Háyà mọ́tò lókè òkun: èwo ló ń dín owó kù, èwo ló ń gbé e lọ?

Bí ẹ bá háyà mọ́tò ní Ọ̀fà Gáréèjì, ní Ìlọrin, láti lọ síbi ìgbéyàwó ní Òmù-Àrán, ẹnu lẹ ó fi ná an tán. Dírẹ́bà wà nínú owó náà, epo wà nínú rẹ̀, bí táyà bá sì jò kí ẹ tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ìyọnu onímọ́tò ni. Lókè òkun, kálukú ló ní owó tirẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni dírẹ́bà. Epo dá dúró, adójútòfò dá dúró, àga ọmọdé dá dúró, kódà bí ẹnì kejì bá fẹ́ bá yín wà á, ẹ ó sanwó orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye tí ẹ rí lórí fóònù kì í fi í jẹ́ iye tí yóò jáde lórí káàdì yín. Gbogbo owó tí ẹ ó san títí dìgbà tí ẹ bá dá kọ́kọ́rọ́ padà ni kí ẹ fi wéra, ẹ má wo ti ojúmọ́ kan ṣoṣo.

Mo ń kọ èyí fún ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ ní Houston, fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gboyè jáde ní Leeds, àti fún àwọn tó ń lọ ṣe Úmúrà.

Kántà ẹ́ápọ́ọ̀tì tàbí ti àárín ìlú?

Àwọn tó ń fi mọ́tò háyà ní ẹ́ápọ́ọ̀tì máa ń gbé owó ààyè wọn lé oníbàárà lórí. Ká ní £30 ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, tí ti àárín ìlú jẹ́ £24. Lọ́jọ́ 7, £210 àti £168 nìyẹn: ìyàtọ̀ £42. Bí ọkọ̀ ojú irin bá gbé yín láti ẹ́ápọ́ọ̀tì wọ ìlú, bíi ti Manchester, ẹ lọ gba ti ìlú. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù gààrì àti èlùbọ́, tákísì á jẹ owó yẹn tán. Bó bá sì jẹ́ alẹ́ tàbí ọjọ́ Àìkú lẹ ó balẹ̀, ọ́fíìsì àárín ìlú lè ti tì. Ní tèmi, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ́ápọ́ọ̀tì. Ọ̀sẹ̀ kan lọ sókè, ìlú.

Ẹ sì wo ti ọ̀sẹ̀ kan dáadáa. Owó ọjọ́ 7 lè kéré sí ti ọjọ́ 5 tàbí 6.

Adójútòfò kántà tàbí èyí tí ẹ rà lọ́tọ̀?

Ibí ni owó ti ń jò jù. Mọ́tò tí ẹ bá háyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní adójútòfò fún ẹni tí ẹ bá kọlù, òfin ló fi í síbẹ̀. Ó sábà máa ń ní ti mọ́tò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní excess: iye tí ẹ óò kọ́kọ́ san látinú àpò yín kí adójútòfò tó dá sí i. Ká ní £1,200 ni. Ẹ bá dé kántà, wọ́n á ní kí ẹ san £18 sí i lójúmọ́ kí £1,200 yẹn lè kúrò lọ́rùn yín. Lọ́jọ́ 7, £126 ni, ó sì lè sún mọ́ owó mọ́tò gan-an.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ ti ra adójútòfò excess lọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Owó rẹ̀ máa ń kéré gan-an sí ti kántà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe mọ́tò, ilé-iṣẹ́ tó ni mọ́tò á kọ́kọ́ yọ owó wọn lórí káàdì yín, ẹ̀yin lẹ ó wá máa fi rìsíìtì gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ta adójútòfò fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á kì í sì í tà á fún ẹni tí kò gbé ní ilẹ̀ wọn, nítorí náà ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ará Nàìjíríà lè rà á. Bí kò bá sí owó lọ́wọ́ tó lè dúró de ìsanpadà, ẹ san ti kántà.

Amẹ́ríkà yàtọ̀. Níbẹ̀, iye tó rẹlẹ̀ tí ẹ rí lè máà ní adójútòfò tó nítumọ̀ fún ẹni tí ẹ bá kọlù, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ń lo ti mọ́tò ilé wọn. Ẹ̀yin kò ní ìkankan. Ẹ yan Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ibùgbé yín nígbà tí ẹ bá ń wá iye, kí ẹ sì mú èyí tó kó adójútòfò mọ́ra, bó tilẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ya fọ́tò. Ní Manchester, alẹ́ la gba mọ́tò, òjò ń rọ̀, ọmọ ń pè pé àmàlà ti ń tutù. Mi ò ya ìkankan. Lọ́jọ́ tí a dá a padà, ọkùnrin kan lóṣòó ti táyà iwájú lápá òsì, ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára rímù, ó sì fi ojú tó họ hàn mí, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. £140 ni wọ́n yọ. Mo mọ̀ pé a ò gbá ohunkóhun, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gíláàsì iwájú, òrùlé, àmì epo: ẹ yà wọ́n nígbà tí ẹ ń gbà á àti nígbà tí ẹ ń dá a padà.

Epo àti jíà

Ẹ gba mọ́tò pẹ̀lú táńkì kíkún, kí ẹ dá a padà ní kíkún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó táńkì sílẹ̀ kí ẹ lè dá a padà lófìfo, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ò lè wa mọ́tò débi tí epo á tán pátápátá, èyí tó bá kù, tiwọn ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, mọ́tò oníjíà dínwó sí ọtọmátíìkì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì náà lẹ ó sì máa fi yí jíà. Ẹni tó ti mọ́ lára láti wa ọtọmátíìkì nílé, kó san àfikún náà.

Mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú irin?

Láàárín London, ẹ má háyà rárá. Owó wíwọ àárín ìlú di £18 lójúmọ́ láti January 2026, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì tún wà níwájú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Fún Úmúrà náà, ọkọ̀ ojú irin Haramain tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 ń gbéni láti Mẹ́kà dé Mẹ̀dínà, nǹkan bí kìlómítà 450, ní wákàtí méjì àti díẹ̀. Houston ni mọ́tò ti ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ gbòòrò. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ojú ọ̀nà olówó bíi Sam Houston Tollway. Ilé-iṣẹ́ míì máa ń gba owó ojoojúmọ́ tiwọn lórí owó ọ̀nà gan-an.

Káàdì àti orúkọ

Credit card ni wọ́n fẹ́ jù fún owó ìdógò. Ti dọ́là látinú àkáǹtì domiciliary lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, àmọ́ wọ́n lè dá owó tó pọ̀ jù dúró, kí wọ́n sì ní kí ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ wá. Ẹ má gbójú lé káàdì náírà. Láíséǹsì Nàìjíríà tí kò tíì kú tó fún àlejò láti wakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù 12.

Ṣùgbọ́n orúkọ orí láíséǹsì, ti páásípọ́ọ̀tù àti ti káàdì gbọ́dọ̀ bára mu. Alhaja tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí láíséǹsì, tí ti ọkọ rẹ̀ wà lórí káàdì, wọ́n lè dá a padà ní kántà lẹ́yìn tó ti sanwó. Ẹ lọ tún un ṣe ní báńkì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.