Àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn bárísítà ohun-ìní ọpọlọ ní London: ibi tí owó yín ti máa ṣiṣẹ́ jù

Láti ọdún 2004 ni aráàlú ti lè gba bárísítà, agbẹjọ́rò tó ń kọ ìmọ̀ràn òfin tó sì ń rojọ́ ní kọ́ọ̀tù, fúnra rẹ̀ ní England àti Wales, láìgba ọwọ́ sọ̀lísítọ̀ kọjá, ìyẹn agbẹjọ́rò tó ń darí ẹjọ́ fún oníbàárà. Fún ẹni tí wọ́n jí àwòrán rẹ̀ lò, tàbí tí ẹlòmíràn ń fi orúkọ ọjà rẹ̀ ta tirẹ̀, ọ̀nà yìí lè dín ìnáwó kù gan-an. Àmọ́ oríṣiríṣi iṣẹ́ ni bárísítà ń tà, wọn ò sì dọ́gba. Ìmọ̀ràn orí ìwé, tí ẹ rà kí ẹ tó fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ sí alátakò, ló gba ipò kìíní lọ́dọ̀ wa. Kíkọ ìwé ìpẹ̀jọ́ ló tẹ̀ lé e. Ní ti kí ẹ fi bárísítà nìkan ja ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí sọ̀lísítọ̀ nídìí ẹ̀, a ò ní gba ọ̀pọ̀ ènìyàn níyànjú rẹ̀.

Mẹ́rin nínú àwọn chambers tí iṣẹ́ wọn dá lé òfin ohun-ìní ọpọlọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn fi ọpọlọ dá, wà nítòsí ara wọn ní àárín London: 8 New Square, Three New Square àti Hogarth Chambers ní Lincoln's Inn, àti 11 South Square ní Gray's Inn. Chambers kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ní ọ̀gá kan. Bárísítà kọ̀ọ̀kan ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ilé, kíláàkì àti ìnáwó ọ́fíìsì ni wọ́n jọ ń pín. Ìdí nìyẹn tí bárísítà yín àti ti alátakò yín fi lè jáde láti ilé kan náà, kò sì lòdì sí òfin. Ọ̀dọ̀ kíláàkì lẹ ti máa gbọ́ iye owó, òun náà ló máa dárúkọ ẹni tó bá iṣẹ́ yín mu. Ẹ bi í bóyá ẹni náà ní àṣẹ láti gba iṣẹ́ tààrà lọ́wọ́ aráàlú, bóyá ó ní àṣẹ láti darí ẹjọ́, àti irú ẹjọ́ tó ń ṣe jù. Ẹ má fi ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣeré. Ẹni tó kàwé sáyẹ́ǹsì kó tó ka òfin, tó mọ pátẹ́ńtì oògùn (ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí ènìyàn ṣẹ̀dá) dunjú, lè má jẹ́ ẹni tó yẹ kó wo ọ̀rọ̀ àmì-òwò aṣọ. Orúkọ gbogbo wọn àti àṣẹ tí wọ́n ní wà nínú ìwé-orúkọ tí Bar Standards Board, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn bárísítà, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ẹ máa wò ó.

Ìmọ̀ràn orí ìwé tó dára máa ń dáhùn nǹkan mẹ́rin: ta ló ni ẹ̀tọ́ náà, ṣé ẹ̀tọ́ ọ̀hún á dúró bí alátakò bá gbógun tì í, ṣé ohun tí alátakò ṣe lòdì sí i lóòótọ́, èló sì ni ẹ lè rí gbà. Bí ó bá fo ìbéèrè kejì, ẹ dá a padà, kò tíì pé. Ọ̀pọ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé ìwé-ẹ̀rí àmì-òwò tí wọ́n fi há ògiri, wọn ò sì rántí pé lábẹ́ Trade Marks Act 1994, bí wọn ò bá lò ó fún ọdún 5 léraléra láìní ìdí gúnmọ́, alátakò lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó ní pátẹ́ńtì náà lè ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́: bó bá ti gbé fídíò ẹ̀rọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, tí fídíò náà sì fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ lójú òfin. Dìsáìnì tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní àánú díẹ̀ ní tiẹ̀, nítorí aṣẹ̀dá ní oṣù 12 láti ìgbà tó bá ti gbé e jáde kó tó lọ forúkọ sílẹ̀.

Lórí kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí àwòrán, ìwé tàbí orin tí ènìyàn dá, ìbéèrè kìíní ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ wo ìwé-owó kan tí ayàwòrán fi ránṣẹ́: orúkọ rẹ̀ lókè, "àwòrán páálí àti lógò" ní ìlà kìíní, £400 ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, "a ti gba owó" nísàlẹ̀. Ẹni tó sanwó gbà pé gbogbo ẹ̀ ti di tòun. Copyright, Designs and Patents Act 1988 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín ló ṣì ni kọ́píráìtì náà títí ó fi máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbé e fún yín, tó sì fọwọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ lè gbà nígbà mìíràn pé àdéhùn bẹ́ẹ̀ wà bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́, bí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ṣe gbà lórí lógò bàtà Dr Martens ní 2005 nínú ẹjọ́ Griggs v Evans. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ná owó ẹjọ́ kó tó mọ̀ bóyá òun ni òun ni nǹkan? Bárísítà tó mọṣẹ́ á rí àléébù yìí lójú-ìwé kìíní, á sì kọ ìwé kékeré kan tí ayàwòrán máa fọwọ́ sí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ìwé náà gbé ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn fún yín pẹ̀lú. Bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i síwájú nìkan ni ẹ máa lè jà fún.

Bí ìmọ̀ràn náà ṣe máa dára tó wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ bá gbé fún bárísítà. Wákàtí ló ń tà. Bí ẹ bá da ọgọ́rùn-ún ímeèlì sí i lọ́wọ́ láìtò wọ́n, owó yín ló máa fi tò wọ́n. Ẹ kọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà sí ojú-ìwé A4 méjì, ọjọ́ àti oṣù ní apá kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá kejì, láìsí èébú kankan nínú ẹ̀. Ẹ fi ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ tàbí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ní ọjọ́ lára sí i, àti àdéhùn pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá yín ṣe é. Ẹ ra ọjà alátakò kan, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Bó bá jẹ́ pé àmì yín kò ní ìforúkọsílẹ̀, tó jẹ́ passing off (ẹ̀sùn pé ẹlòmíràn ń ta ọjà rẹ̀ bí ẹni pé tiyín ni) lẹ fẹ́ lò, ẹ fi iye ọjà tí ẹ tà lóṣooṣù àti owó ìpolówó sí i, nítorí láti inú ẹjọ́ lẹ́mọ́ọ̀nù Jif ní 1990 ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọjà yín ní orúkọ rere lọ́dọ̀ oníbàárà, pé alátakò ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà, àti pé ẹ pàdánù nítorí ẹ̀. Fọ́tò orí fóònù tí kò ní ọjọ́ ò wúlò tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ sì ṣọ́ àkókò: ọdún 6 ni Limitation Act 1980 fún yín láti pẹjọ́.

Kí ìmọ̀ràn tó dé, ẹ má kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ fúnra yín. Kò sí ibòmíràn tí àwọn tó fẹ́ fowó pamọ́ ti máa ń ṣe ara wọn léṣe tó báyìí. Lábẹ́ Intellectual Property (Unjustified Threats) Act 2017, bí ẹ bá halẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù tó kàn ń ta ọjà pé ẹ máa pè é lẹ́jọ́ lórí pátẹ́ńtì, àmì-òwò tàbí dìsáìnì, tí ẹ ò sì lè fi hàn pé ó tẹ òfin lójú, ẹni tí ìhàlẹ̀ náà pa lára lè pe ẹ̀yin gan-an lẹ́jọ́, kó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù náà nìkan, ẹni tó ń kó ọjà fún un náà lè pẹjọ́. Òfin yìí kò kan kọ́píráìtì tàbí passing off, kò sì dí yín lọ́wọ́ bó bá jẹ́ ẹni tó ṣe ọjà náà tàbí tó kó o wọlé ni ẹ kọ̀wé sí lórí ohun tó ṣe yẹn. Bí gbólóhùn lẹ́tà ṣe rí ló ń pinnu, ìdí nìyẹn tí kíkọ lẹ́tà àkọ́kọ́ fi yẹ ní iṣẹ́ tí ẹ máa sanwó fún.

Bó bá wá di ẹjọ́, Intellectual Property Enterprise Court, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IPEC, ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó wọ̀n níwọ̀nba máa ń lọ. Òun ló rọ́pò Patents County Court ní 2013. Owó ìtanràn tó lè dá kò lè ju £500,000 lọ. Fún ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022, owó ẹjọ́ tí ẹni tó bá pàdánù máa san fún ẹnì kejì kò gbọ́dọ̀ ju £60,000 lọ lórí ìbéèrè bóyá ó jẹ̀bi, àti £30,000 lórí ṣíṣírò owó, àyàfi bí ó bá hùwà àìtọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gé. Bí ẹ bá ná £110,000 láti jàre lórí ìbéèrè kìíní, £60,000 ni ẹ lè rí gbà padà jù, àpò yín ni ìyókù ti máa jáde. Bárísítà tí kò bá yín ṣírò èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

IPEC gan-an ni ọwọ́ bárísítà ti ń hàn jù lára ìwé. Ìwé ìpẹ̀jọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó gbogbo òótọ́ ọ̀rọ̀ àti àlàyé òfin tí ẹ gbára lé, ní ṣókí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò lè mú ẹlẹ́rìí tàbí ìwé mìíràn wá àyàfi tí adájọ́ bá gbà á láyè, á sì kọ́kọ́ wo bóyá ìwúlò rẹ̀ ju ìnáwó rẹ̀ lọ. Ìgbẹ́jọ́ kì í sábà ju ọjọ́ 2 lọ. Nítorí náà, "olùjẹ́jọ́ ti ń ta ọjà ayédèrú" kò tó. Ohun tí ẹ fẹ́ rí nínú ìwé náà ni ọjọ́ tí ẹ ra ẹyọ kan, ìkànnì tí ẹ ti rà á, nọ́ńbà rìsíìtì, àti apá ibi tó jọ tiyín. Ohun kékeré kan tún wà: bí ìwé náà bá sọ pé ẹ ti tẹ̀ lé ìlànà kíkọ̀wé síra yín ṣáájú ẹjọ́, ọjọ́ 42 ni alátakò ní láti fi èsì sílẹ̀, bí kò bá sọ ọ́, ọjọ́ 70 ni. Gbólóhùn kan lè ná yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìdí tí a ò fi gba ọ̀pọ̀ níyànjú láti fi bárísítà nìkan jà rèé. Àyàfi tó bá ní àṣẹ láti darí ẹjọ́, kò lè bá yín fi ìwé sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, kò sì lè fi í jíṣẹ́ fún alátakò lórúkọ yín. Bó ní àṣẹ náà, bí kò ní in, kò gbọ́dọ̀ tọ́jú owó yín lọ́wọ́ rárá. Ẹ̀yin lẹ máa máa ṣọ́ ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù dá. Ẹni tó ní ìfara-balẹ̀, tó ń ka ímeèlì rẹ̀ lójoojúmọ́, lè ṣe é nínú ẹjọ́ kékeré. Ẹni tó ń ṣòwò láti àárọ̀ dé alẹ́ á jẹ́ kí ọjọ́ kan fò, ọjọ́ kan yẹn sì tó láti ba ẹjọ́ jẹ́. Ẹ̀ka ẹjọ́ kékeré IPEC, tí owó rẹ̀ kò ju £10,000 lọ, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́píráìtì, àmì-òwò àti dìsáìnì tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò gba pátẹ́ńtì. Ẹ lè dúró fúnra yín níbẹ̀, kí ẹ ra ìmọ̀ràn àti ìwé ìpẹ̀jọ́ nìkan lọ́wọ́ bárísítà. Ẹ má gbàgbé pé bí ẹ bá tilẹ̀ jàre níbẹ̀, owó bárísítà kì í sábà padà wá.

Ní ti owó, ẹ ní kí wọ́n dá iye kan lé ìmọ̀ràn àti ìwé ìpẹ̀jọ́. Ẹ má gba ti wákàtí fún wọn bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́. VAT 20% á gorí ẹ̀ bí bárísítà náà bá ti forúkọ sílẹ̀ fún un. Fún ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, owó ńlá kan ló máa gbà fún ìmúrasílẹ̀ àti ọjọ́ kìíní, tí wọ́n ń pè ní brief fee, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e á ní owó tirẹ̀. Ẹ bi kíláàkì léèrè ọjọ́ tí brief fee máa di gbèsè, kí ó sì wà nínú lẹ́tà àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń parí sí ìlàjà nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ku díẹ̀, bí ọjọ́ yẹn bá sì ti kọjá, ẹ máa san gbogbo ẹ̀ bí wọn ò tilẹ̀ wọ kọ́ọ̀tù.

Bó bá jẹ́ ìforúkọsílẹ̀ àmì-òwò tàbí pátẹ́ńtì lásán lẹ fẹ́, ẹ wá attorney, amòfin ìforúkọsílẹ̀ tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Bárísítà á wọ́n jù fún iṣẹ́ yẹn. Patent attorney náà lè bá yín gba bárísítà nígbà tó bá yá, ó sì lè dúró ní IPEC. Bó bá jẹ́ àṣẹ ìdádúró kíákíá lẹ ń wá, ẹ sáré. Adájọ́ tó bá rí i pé ẹ ti mọ̀ láti oṣù mélòó kan, tí ẹ jókòó, kò ní rí ohun kíákíá kankan nínú ọ̀rọ̀ yín. Á sì ní kí ẹ ṣèlérí pé ẹ máa san àdánù alátakò bó bá jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n dá a dúró.

Bí iṣẹ́ bá burú, chambers lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ 8 láti dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Legal Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, lè gbọ́ ẹ̀sùn yín, ó sì lè ní kí bárísítà náà san tó £50,000 fún yín. Láàárín oṣù 6 tí chambers bá ti fún yín ní èsì ìkẹyìn ni kí ẹ lọ.