MRI láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ní Àkúrẹ́: ìdí tí mi ò fi gbà

Ilé àyẹ̀wò kan wà ní Alágbàká níbi tí wọ́n ti fi MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ya ẹ̀yìn mi lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí bí mo ṣe fẹ́ yìn wọ́n náà ni mo fẹ́ bá wọn wí díẹ̀. Ẹ̀rọ wọn dáa, ẹni tó ń lò ó sì mọṣẹ́. Ọjà kejì tí wọ́n ń polówó lórí káńtà ni mi ò rà: kí ara èèyàn le koko, kó wá lọ sanwó MRI láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bóyá wọ́n á rí nǹkan.

Aránṣọ ni mí, lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ẹni tó bá ti jókòó ti máṣíìnì nígbà aṣọ ẹbí àti Kérésìmesì mọ ohun tí ojú ìbàdí ń rí. Tèmi kọjá ríro lásán, ó ń gba itan òsì sọ̀kalẹ̀ dé ojúgun, ẹsẹ̀ á sì kú. Dókítà ló kọ̀wé fún mi pé kí n lọ ṣe MRI ẹ̀yìn.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù. Ó bi mí bóyá irin wà lára mi, bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí mi láyà rí nítorí ọkàn, bóyá ọta ìbọn ṣẹ́kù sí mi lára (mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín), bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi ní irin nínú. Ó wá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bó ṣe gbọ́ pé aránṣọ ni mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún fọwọ́ wá ọrùn bùbá yín wò." Píìnì méjì ló wà níbẹ̀! Ó ní òòfà inú ẹ̀rọ náà kì í sinmi, wọn ì báà máa ya àwòrán, wọn ì báà má yà á, tọ̀sán tòru ló ń fa irin. 1.5 Tesla ni agbára tiwọn (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà).

Inú rẹ̀ há, yàrá náà sì tutù. Ariwo rẹ̀ dà bíi máṣíìnì onímọ́tò tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já, tí wọ́n gbé sí ẹni létí. Wọ́n fi nǹkan dí mi létí, wọ́n fi rọ́bà roboto kan sí mi lọ́wọ́ pé tí ẹ̀rù bá bà mí kí n fún un. Mi ò fún un. Òòfà àti ìgbì rédíò ló ń lò, kì í ṣe ìtànṣán bíi ti X-ray. Àléébù wọn ni pé aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, aago méjì ti kọjá kí wọ́n tó pè mí wọlé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé iná ló lọ.

Ibi tí mo ti ń dúró ni ọmọbìnrin orí káńtà ti ní, "Mọ́mì, ẹ kúkú ṣe fúlù bọ́dì, ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀." Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ̀yìn nìkan. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston náà ò jẹ́ kí n gbádùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti 2023 tí Kim Kardashian, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti yin Prenuvo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe MRI fúlù bọ́dì, lórí Instagram, tí wọ́n ń gba $2,499 lọ́hùn-ún nígbà náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà ṣe é, èmi ni màá sanwó."

Èsì ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ mú mi dúró. Ohun tí dókítà ń wá wà lókè ìwé: dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní L4 àti L5, ti yọ síta, ó ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀. Ìyẹn wúlò, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú mi lọ́dọ̀ àwọn físíò títí ẹsẹ̀ fi fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tún kọ ọ́ pé kókó omi kékeré kan wà lára kíndìnrín ọ̀tún. Oorun dá lójú mi. Bàbá àwọn ọmọ pe pásítọ̀. Mo tún sanwó skáànù, mo sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo lọ jókòó síwájú dókítà míì. Ó wò ó títí, ó ní, "Mà, ẹ lọ máa rán aṣọ yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ní irú èyí, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Àwòrán ẹ̀yìn nìkan mà nìyẹn o! Tí wọ́n bá wá tú mi wò látòkè délẹ̀, wọ́n á bá nǹkan bọ̀ lára ẹ̀dọ̀, wọ́n á bá a bọ̀ lọ́rùn, ẹnì kan á sì ní kí òun gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Mo bi dókítà náà ní ojú abẹ níkòó: ṣé kí n gba owó àbúrò mi? Ó ní ní 2023 kan náà, American College of Radiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka irú àwòrán yìí ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti gba ẹni tí kò ní àmì àìsàn, tí irú ẹ̀ ò sì sí nínú ìdílé rẹ̀, níyànjú pé kó ṣe é. Ìdílé tí jẹjẹrẹ ń bá jà láti ìran dé ìran nítorí jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan tí wọ́n ń pè ní TP53 tó bàjẹ́, àwọn yẹn ni wọ́n ń sọ pé kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún.

Ó wá bi mí pé kí ló pa àwọn òbí mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ fún bàbá mi, àtọ̀gbẹ ló mú ìyá mi lọ. MRI kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í wọn ṣúgà. Ẹran kéékèèké tó ń hù nínú ìfun ńlá, kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wá a. Èérún kálísíọ́mù inú ọmú, mamógíráàmù, ìyẹn X-ray ọmú, ló ń rí i. Kí ni mo wá fẹ́ fi owó yẹn wá? Mo sọ fún àbúrò mi pé kó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́, kó san ti mamógíráàmù àti àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní olórí kunkun ni mí. Ẹ̀rọ náà ti dé ṣá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pàápàá ń fi wọn tiwọn.

Tí dókítà bá kọ ibì kan pàtó fún yín nínú ara, ẹ lọ síbi tí mo lọ yẹn, ẹ ò ní kábàámọ̀ iṣẹ́ wọn. Ẹ tètè dé, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ àti píìnì irun sílé, ẹ wọ aṣọ tó nípọn tí kò ní síìpù. Ẹ má sì gba ìwé èsì nìkan kúrò níbẹ̀, ẹ gba síídì àwòrán náà, torí tí wọ́n bá darí yín sí ọsibítù UNIMED ní Oǹdó tàbí ibòmíì, àwòrán gan-an ni wọ́n á fẹ́ fojú ara wọn rí. Tí wọ́n bá ní síídì ti tán bí wọ́n ṣe sọ fún mi, ẹ ní kí wọ́n kó o sínú fláàṣì tiyín.