Àgò Wáyà Tí Wọ́n Ní Ayékòótọ́ Kò Ní Lè Jẹ Nínú Rẹ̀

Ike gbọọrọ kan tí a ń rọ ẹ̀pà sí fún àwọn ẹyẹ ni mo rà, èyí tí wọ́n fi àgò wáyà yí ká, tí a sì ń so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé ẹyẹ kéékèèké nìkan ni yóò lè gba àárín wáyà náà wọlé, àti pé àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tí ń ya wọ inú ọgbà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yóò kàn máa wò ó ní òkèèrè ni. Ọ̀rọ̀ náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó já sí asán.

Ní ti ìwọ̀n ara, ìṣirò àwọn tó ṣe é tọ̀nà. Ayékòótọ́ yìí, tí orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Psittacula krameri, tí akọ rẹ̀ ní òrùka dúdú àti pupa rẹ́súrẹ́sú lọ́rùn, gùn tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà láti orí dé ìrù, kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ àti àgógó rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé. Ìka méjì ń bẹ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, méjì ń bẹ lẹ́yìn, nítorí náà ó ń di wáyà mú bí ẹni fi ọwọ́ dì í, àgógó tó tẹ̀ bí ìwọ̀ sì ni ẹsẹ̀ kẹta tó fi ń gùn. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, orí igi ni gbogbo wọn wà tí wọ́n ń pariwo, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀kan dorí kodò, ó na àgógó gba inú wáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ge etí ihò ike náà jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀pà fi ń dà sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, márùn-ún ti mọ iṣẹ́ náà. Àyè tó wà láàárín wáyà àti ike kò ju ìka méjì lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù ọjà yìí wà.

Ẹyẹ tó ti Áfíríkà àti Íńdíà wá, tó wá ń la ìgbà òtútù já ní Lọ́ńdọ̀nù àti Brussels, tó ń yé ẹyin sínú ihò tí àkókó ti gbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹyẹ tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè dá dúró.

Wáyà rẹ̀ kò dípẹtà, ó sì rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní tún un rà. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, èsì rẹ̀ ni pé ẹyẹ ńlá kankan kò lè wọ inú àgò náà. Òótọ́ ló sọ: kò sí èyí tó wọ inú rẹ̀ rí.