Steam Guard orí fóònù: ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó rèé

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, aago méje ò tíì lù, àbúrò mi pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, "Brọ̀dá mi, ẹ gbà mí o, wọ́n ti gbé e lọ!" Àyà mi já. Mo ní ta ni wọ́n gbé lọ, ṣé kì í ṣe Màámi? Àṣé àkáǹtì ẹ̀ lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ni ọmọkùnrin ń sọ, èyí tó fi ń ṣe géèmù ìbọn Counter-Strike 2, tó ti ń ṣẹ́ owó oúnjẹ kù láti fi ra skin ìbọn, ìyẹn ọ̀ṣọ́ ara ìbọn inú géèmù, sí látìgbà tó ti wọ yunifásítì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan tí wọ́n jọ máa ń ṣeré lórí Discord, áàpù táwọn eléré géèmù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, fi línkì ránṣẹ́ sí i pé jọ̀ọ́ bá wa dìbò fún tíìmù wa. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn náà, olè ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó tẹ línkì, ojú ìwé tó yọ jọ ti Steam bí ìbejì, ó kó orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù sí i wẹ́rẹ́. Kóòdù tí Steam wá fi ránṣẹ́ sí ímeèlì, wọn ò tiẹ̀ bi í léèrè, torí páásíwọ́ọ̀dù kan náà ló fi sí Gmail ẹ̀, wọ́n kàn wọ ibẹ̀ lọ mú un fúnra wọn ni.

Ó wá ń sọ fún mi pé Steam Guard ò wúlò. Mo ní rárá o, ti ímeèlì lò ń lò, mo ti bá ẹ sọ ọ́ títí pé kó o gbé ti fóònù, àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Steam Guard ni àgádágodo kejì tí Valve, àwọn tó ni Steam, fi sẹ́nu ọ̀nà àkáǹtì, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá tiẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù yín kò tíì lè wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2011, Gabe Newell tó jẹ́ ọ̀gá wọn dúró níta gbangba ní Jámánì, ó ka orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì òun fúnra ẹ̀ síta, pé ẹni tó bá lè wọlé kó wọlé. Ó dá a lójú nìyẹn o, èmi ò lè dán irú ẹ̀ wò láé. Ímeèlì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ti fóònù dé lọ́dún 2015, ó sì yẹ kó dé lóòótọ́, torí ní December ọdún yẹn Valve fúnra wọn kọ ọ́ síta pé àkáǹtì bíi 77,000 ni wọ́n ń gbà tí wọ́n sì ń kó nǹkan inú ẹ̀ lọ. Lóṣooṣù o, kì í ṣe lọ́dún!

Ti fóònù yìí, ọ̀fẹ́ ni. Inú áàpù Steam ló wà, tẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, á máa fún yín ní kóòdù lẹ́tà àti nọ́ḿbà márùn-ún tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé inú fóònù gan-an ló ti ń ṣírò kóòdù yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ibì kankan, bí dátà bá tán, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, kóòdù á ṣì yọ. Ẹ̀yin náà mọ bí OTP báńkì kan ṣe máa ń dé nígbà tó bá ti kú tán, kò sí wàhálà yẹn níbí. Tí kóòdù títẹ̀ bá sú yín, ẹ lè fi kámẹ́rà áàpù náà ya QR ojú kọ̀ǹpútà, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 15 tí àwọn èèyàn fi máa ń bú wọn ńkọ́? Tẹ́ ò bá ní ti fóònù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá èèyàn ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù inú géèmù, wọ́n lè dá ẹrù yẹn dúró fún odidi ọjọ́ 15 kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fún. Èmi náà ti bú u rí. Àmọ́ òun ló yọ àbúrò mi o! Olè ti ju gbogbo skin sínú pàṣípààrọ̀, ọjọ́ 15 ò tíì pé, ẹrù wà níbẹ̀ ń wò wọ́n. Ọmọkùnrin kó rìsíìtì tó fi ra géèmù jọ, ó fi ránṣẹ́ sí Steam Support, wọ́n dá àkáǹtì padà fún un, ó wọlé, ó fagi lé pàṣípààrọ̀.

Mo fún Steam Guard orí fóònù ní 8 nínú 10. Méjì tí mo yọ, ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ kóòdù fóònù sójú ìwé ayédèrú, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré ti tó kí wọ́n fi wọlé, QR náà bẹ́ẹ̀ ló rí, ògiri ló lanu fún alángbá yẹn. Ẹ wo àdírẹ́sì òkè kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń wa crack (géèmù olówó tí wọ́n ti já títì ẹ̀) àti cheat (ètò tí wọ́n fi ń ṣe màgòmágó nínú géèmù) kiri, èyí tó burú jù wà fún yín, torí nǹkan tó máa ń sá pamọ́ sínú ẹ̀ lè jí ẹ̀rí pé ẹ ti wọlé látinú láptọ́ọ̀pù yín, olè ò wá nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́, inú pálọ̀ ló ti bá ara ẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà látorí ẹ̀rọ mí-ìn, kẹ́ ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí àkáǹtì jáde, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ti ṣe API key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tó ń jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà mí-ìn máa darí àkáǹtì, sí i láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, òun ni wọ́n lè fi fagi lé pàṣípààrọ̀ yín tí wọ́n á fi tiwọn rọ́pò.

Ó ku ìkan tí mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Bẹ́ ẹ bá ń tò ó, wọ́n á fún yín ní kóòdù ìrànwọ́ kan tó fi R bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yà á sínú fóònù yẹn náà jàre, torí bí fóònù bá lọ, ó lọ pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn. Fóònù tèmi bọ́ sínú bàáfù omi lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ìwé orin Màámi ni mo kọ kóòdù sí, òun ni mo fi wọlé padà. Lánàá àbúrò mi náà kọ tiẹ̀ síbẹ̀. Màámi ṣí ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, wọ́n dé ilé, wọ́n ní, "R wo tún nìyí, ṣé orin tuntun ni?"