Aago onígi tí a ṣe fún Mátíróònù wa: iṣẹ́ bàbá náà dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ fún wọn

Nígbà tí Mátíróònù wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwa mọ́kànlá tó wà ní yàrá ìrọbí ti fẹnu kò pé a ò ní ra kúlà, a ò sì ní ra ìkòkò oníbejì-bejì inú páálí. Ọdún 35 gbáko ni Màmá fi gbẹ̀bí, láti 1990 sí 2025. Nínú ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi wà lábẹ́ wọn, gbólóhùn kan wà tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ: "Ẹ bá mi wo aago!" Bí orí ọmọ bá ti yọ, tí ara tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó wò ó bóyá akọ ni tàbí abo, Màmá á ti ké e. Aago la máa fún wọn nìyẹn. Aago onígi, tí wọ́n fọwọ́ ṣe.

Ọkọ ọ̀rẹ́ mi ló júwe bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan fún mi nítòsí ọjà pákó ní Bódìjà, n'Íbàdàn níbí. Kò sí bọ́ọ̀dù níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ ṣáà béèrè Bàbá Alágo lọ́wọ́ àwọn tó ń la pákó, kí ẹ má sì wọ bàtà funfun lọ.

Ìrókò ni bàbá ní àwọn máa fi ṣe é. Bí mo ṣe mú ìròyìn yẹn padà dé wọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú wa ní òun ò dá owó mọ́. Ìrókò kẹ̀! Olúwéré ńkọ́? Ṣé agbẹ̀bí ló máa gbé igi tí èèyàn fi ọmọ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún kọ́ sí pálọ̀? Mo ròyìn fún bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n lọ bi í pé igi wo ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ilé bàbá tó bí i. Ó dá owó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún wa. Ọ̀sẹ̀ keje la tó rí aago. Wọn kì í gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì wọkọ̀ lọ lásán. Ìgbà kejì yẹn, ìbínú ni mo bá wọlé. Bàbá ò bá mi jà. Aago kan wà lára ògiri wọn tí wọn kì í tà, tó là láti 12 wá sí 5, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ojú ibi tó ti là. Igi tí kò gbẹ ni wọ́n fi ṣe é nígbà òjò. Ọyẹ́ dé, ó fa igi náà ya. Wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀ torí àwọn oníbàárà tó ń kánjú. Wọ́n wá kó pákó méjì lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ní kí n fi ìka kàn wọ́n. Tọwọ́ ọ̀tún dún kọ́. Tọwọ́ òsì wúwo, ó dún gbì bíi pé mo lu àkàrà. "Nọ́ọ̀sì, tiyín ló wà lọ́wọ́ òsì yẹn." Mo padà sílé.

Ibi tí bàbá yìí ti gbayì lójú mi nìyí. Aago náà fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 40, igi rẹ̀ sì nípọn. Ẹ̀rọ oníbátìrì tí mo rà ní Dùgbẹ̀, ọ̀pá àárín rẹ̀ kúrú, kò lè gba inú igi yẹn yọ síwájú. Ẹlòmíràn á fá gbogbo pákó náà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bàbá dojú aago délẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, ihò onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ máa jókòó sí, wọ́n ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi èékánná kan ojú ibẹ̀, wọ́n á dẹtí sí i, gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe máa ń gbé ìwo onígi sórí ikùn aboyún tí a ń wá ọkàn ọmọ. Ìgbà tó ku nǹkan bíi mìlímítà 5 ni wọ́n dáwọ́ dúró.

Mo ní kí wọ́n kan ìṣó onídẹ kéékèèké méjì sójú aago, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 1, èkejì ní ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá ti gbẹ̀bí rí á mọ ìdí rẹ̀: ìgbà méjèèjì yẹn la máa ń fún ọmọ tuntun ní máàkì Apgar. À ń wo àwọ̀ ara rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe ń ké, bó ṣe ń ká apá àti ẹsẹ̀ kò, bó ṣe ń mí. Bàbá ò bi mí pé kí ló dé. Wọ́n kàn án. "Ẹ bá mi wo aago" la ní kí wọ́n fín sísàlẹ̀, wọ́n sì gbàgbé àmì abẹ́ Ẹ. Mo fi hàn wọ́n, wọ́n yọ ìṣó onídẹ kẹta, wọ́n kàn án síbẹ̀. Ní tèmi, ibẹ̀ ló wù mí jù lára aago náà.

Àléébù wọn gan-an ni pé igi ni wọ́n mọ̀, wọn ò ka aago sí. Àárọ̀ ọjọ́ ìdágbére ni mo lọ gbé e. Mo tú bébà sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi wé e, n ò rí ọwọ́ tín-ín-rín tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Wọ́n ti yọ ọ́! Wọ́n ní kò bá igi mu, ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbà mí! Ọkàn ọmọ inú oyún máa ń lù ní ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ yẹn la fi ń kà á. Láìsí i, àwo ìrókò ni mo fẹ́ gbé fún Màmá. A tú ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ogún ìṣẹ́jú kí a tó rí i nínú agolo mílíìkì, láàárín ìṣó, ó ti tẹ̀. Bàbá fi ìka méjì nà án, wọ́n fi í sí i, ó ń ha ọwọ́ ńlá. Wọ́n tún un ṣe. Aago mẹ́wàá ti fẹ́ lù.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦95,000. ₦120,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹ fúnra yín ra ẹ̀rọ, ẹ ra bátìrì AA kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọn. Màá padà lọ ṣe ti ara mi.

Nígbà tí Màmá tú u, wọn ò tíì wo ohun tí a fín. Wọ́n fa ọwọ́ èmi tí mo wà nítòsí, wọ́n fi ìka méjì tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ tín-ín-rín yẹn títí ó fi yí ìṣẹ́jú kan po. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́.

"Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rin. Ibo lo ti sáré bọ̀?"